Kọ̀ǹpútà méjì, mọ́nítọ̀ kan, kíbọ́ọ̀dù kan: báwo lẹ ṣe ń so ó?

Onítẹ̀wé Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé la ní, tábìlì wa ò sì fẹ̀. Kọ̀ǹpútà méjì ló wà lórí rẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ dẹ́sítọ́ọ̀pù àtijọ́ tó ń lo Windows 7. A ò lè pa á tì, torí òun nìkan ni ẹ̀rọ tó ń gé sítíkà ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Dráífà ẹ̀rọ náà, ìyẹn ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń darí rẹ̀, kì í ṣiṣẹ́ lórí Windows tuntun. VGA nìkan ló ní lẹ́yìn fún àwòrán. Èkejì jẹ́ láptọ́ọ̀pù Windows 11, HDMI kan, USB mẹ́ta. Òun la fi ń ṣe káàdì ìpè, bánà àti ìwé ètò ayẹyẹ. Mọ́nítọ̀ kan ṣoṣo ló wà, ínṣì 22, 1920 × 1080. Ihò VGA kan àti HDMI kan ló wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ohun tí a fẹ́ ni kí mọ́nítọ̀ yìí, kíbọ́ọ̀dù kan àti máùsì kan tó fún méjèèjì, ká má máa fa wáyà yọ ká tún máa tì í bọ̀ ní gbogbo ìgbà. Wọ́n ní ká lọ ra KVM, àpótí tí wọ́n fi ń pín mọ́nítọ̀, kíbọ́ọ̀dù àti máùsì kan fún kọ̀ǹpútà méjì. Ṣé òun náà ni? Irú èwo? Iléyá ti ń sún mọ́, ẹ sì mọ bí iṣẹ́ ṣe máa ń rọ́ dé ṣáájú Ojúde Ọba.

Atúnkọ̀ǹpútà Ṣàgámù

Ọ̀gá, ẹ fi owó yín sápò ná. Ẹ wo ẹ̀yìn mọ́nítọ̀ yín: kọ̀ǹpútà méjì lẹ ní, ihò méjì ló wà níbẹ̀, kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan sì ti rí èyí tó bá a mu. Ẹ so dẹ́sítọ́ọ̀pù mọ́ VGA, ẹ so láptọ́ọ̀pù mọ́ HDMI, ẹ fi méjèèjì síbẹ̀ títí ayé. Bọ́tìnì tí wọ́n kọ Input tàbí Source sí lára mọ́nítọ̀ ni ẹ ó máa fi pààrọ̀ àwòrán. Àwọn mọ́nítọ̀ kan kì í kọ ọ́ sára. Ẹ tẹ bọ́tìnì Menu, ẹ wá ibi tó wà níbẹ̀.

Kíbọ́ọ̀dù àti máùsì nìkan ló kù, USB switch ló sì ń ṣe ìyẹn. Àpótí kékeré ni, owó rẹ̀ ò tó ti KVM rárá. Ihò méjì tàbí mẹ́rin ló máa ń wà níwájú rẹ̀ fún kíbọ́ọ̀dù, máùsì àti ohun mìíràn. Ihò méjì wà lẹ́yìn fún kọ̀ǹpútà méjèèjì. Bọ́tìnì kan wà lórí pẹ̀lú iná kékeré méjì tó ń fi hàn kọ̀ǹpútà wo ni kíbọ́ọ̀dù wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ṣí páálí rẹ̀ wò. Wáyà méjì tó ń lọ sí kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀. Àwọn kan ń lo wáyà onígun mẹ́rin bíi ti printer, ìyẹn rọrùn láti rí rà tó bá bàjẹ́. Àwọn mìíràn ń lo wáyà tí ẹnu rẹ̀ méjèèjì rí bákan náà bíi ẹnu fláàṣì. Tí irú èyí bá sọ nù, kò ní yá a rí ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù.

Fún Windows 7 yín: ẹ ti wáyà USB switch bọ ihò USB dúdú tó wà lẹ́yìn dẹ́sítọ́ọ̀pù, ẹ má ti í bọ aláwọ̀ búlúù. Windows 7 kò bá dráífà USB 3.0 wá láti ilé iṣẹ́, tí wọn ò bá sì tíì fi sí i, kíbọ́ọ̀dù máa kú lójú ihò búlúù yẹn bí ẹni pé ó ti bàjẹ́.

Ohun méjì tẹ ó ṣe lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá so ó tán. Ẹ wọ inú Menu mọ́nítọ̀, ẹ pa Auto Source tàbí Auto Input. Tẹ́ ẹ bá fi sílẹ̀, bí kọ̀ǹpútà tẹ́ ẹ ń wò bá sùn díẹ̀, mọ́nítọ̀ á fò lọ bá èkejì fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà, lórí láptọ́ọ̀pù, ẹ tẹ Windows + P, ẹ yan Second screen only. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ pa ìdérí rẹ̀ dé kó má gba àyè, ẹ wá Choose what closing the lid does nínú Control Panel, ẹ fi sí Do nothing nígbà tó bá wà lórí ṣájà. Ẹ má fi ìwé lé e lórí o, ooru ń bẹ nínú ẹ̀.

Ọmọ Àgọ́-Ìwòyè

Ọ̀gá Ṣàgámù, ẹ ṣeun, àmọ́ mi ò fara mọ́ ọn pátápátá. Bọ́tìnì méjì ni ọ̀nà yín ń béèrè: ọ̀kan lára mọ́nítọ̀, ọ̀kan lórí USB switch. Níbi tí oníbàárà mẹ́fà bá dúró sí lẹ́ẹ̀kan náà, ẹnì kan á tẹ ọ̀kan, á gbàgbé èkejì. Ojú rẹ̀ á wà lára láptọ́ọ̀pù, ọwọ́ rẹ̀ á máa tẹ nǹkan sínú dẹ́sítọ́ọ̀pù. Tó bá tẹ Delete àti Enter níbẹ̀, fáìlì oníbàárà ti lọ, kò sì ní rí i lójú mọ́nítọ̀ pé ó lọ. KVM ń gbé àwòrán, kíbọ́ọ̀dù àti máùsì lọ pọ̀ nígbà kan náà, àǹfààní rẹ̀ gan-an nìyẹn.

Tí onítẹ̀wé bá máa ra KVM, nǹkan tó yẹ kó béèrè nìyí. Lákọ̀ọ́kọ́, irú ẹnu. KVM oníhò VGA nìkan wà, ti HDMI nìkan wà, ti DisplayPort wà. Nínú ọ̀ràn yìí, ti HDMI ni kó rà, kó wá fi ẹ̀rọ kékeré tó ń sọ VGA di HDMI sí ẹ̀yìn dẹ́sítọ́ọ̀pù. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń ta ohun tí kò bá ọ mu fún ọ: èyí tó ń sọ HDMI di VGA ló pọ̀ lọ́jà, wọn ò sì ṣeé lò lódì kejì. VGA ló gbọ́dọ̀ wà ní apá tó wọ inú kọ̀ǹpútà, HDMI ní apá tó ń jáde. Èyí tó tọ́ máa ń ní wáyà USB kékeré tó ń gba iná, ó sì sábà máa ń ní wáyà ohùn, nítorí VGA kì í gbé ohùn.

Èkejì, kó béèrè bóyá ó ní EDID emulation. Nínú mọ́nítọ̀ kọ̀ọ̀kan, ìsọfúnni kan wà tí wọ́n ń pè ní EDID, òun ló ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé ojú mọ́nítọ̀ náà jẹ́ 1920 × 1080, 60Hz (àwòrán ń yí padà nígbà ọgọ́ta ní ìṣẹ́jú àáyá kan). KVM olówó pọ́ọ́kú máa ń gé ìsọfúnni yìí kúrò lọ́dọ̀ kọ̀ǹpútà tí a kò bá wò. Kọ̀ǹpútà yẹn á rò pé wọ́n ti yọ mọ́nítọ̀. Tẹ́ ẹ bá padà sọ́dọ̀ rẹ̀, ojú rẹ̀ lè ti sún kì di 1024 × 768, gbogbo fèrèsé tí ẹ ṣí á ti kó jọ sí igun kan. KVM tó ní EDID emulation máa ń dúró níbi mọ́nítọ̀, á máa dá kọ̀ǹpútà náà lóhùn ní gbogbo ìgbà.

Ẹ̀kẹta, kó wo ibi tí wọ́n kọ kíbọ́ọ̀dù àti máùsì sí lára àpótí náà. Nínú KVM tó ní emulation ti kíbọ́ọ̀dù, ìyẹn tó ń ṣe bíi pé kíbọ́ọ̀dù wà lára kọ̀ǹpútà méjèèjì nígbà gbogbo, ihò méjì yẹn yàtọ̀ sí ihò USB yòókù. Ibẹ̀ ló ti ń gbọ́ àṣẹ tẹ́ ẹ bá fi kíbọ́ọ̀dù pa á, bíi ká tẹ Scroll Lock lẹ́ẹ̀méjì, tàbí Ctrl lẹ́ẹ̀méjì, lẹ́yìn náà 1 tàbí 2. Ọ̀pọ̀ kíbọ́ọ̀dù aláìníwáyà àti kíbọ́ọ̀dù àwọn tó ń gbá géèmù kì í ṣiṣẹ́ dáadáa nínú ihò yẹn. Tí dọ́ńgù (ohun kékeré USB tí kíbọ́ọ̀dù aláìníwáyà ń bá sọ̀rọ̀) bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ tì í bọ ihò USB lásán; á ṣiṣẹ́, bọ́tìnì ara àpótí nìkan ni ẹ ó máa fi pààrọ̀. Àwọn kíbọ́ọ̀dù kékeré kan kò tilẹ̀ ní Scroll Lock, ẹ wò ó kẹ́ ẹ tó rà.

Ọ̀rọ̀ 4K tí wọ́n ń kọ gàdàgbà sára páálí kò kan mọ́nítọ̀ 1920 × 1080. HDMI 1.4 tó ń gbé 10.2 Gbps ti pọ̀ tó fún un. Ẹni tó ní mọ́nítọ̀ 4K nìkan ló yẹ kó lépa HDMI 2.0, torí 1.4 máa ń há sí 30Hz lórí 4K, máùsì á sì máa fà lójú bí ẹni tí ń rìn nínú ẹrẹ̀.

Atúnkọ̀ǹpútà Ṣàgámù

Àbúrò, òótọ́ ni ti bọ́tìnì méjì. Ọ̀nà wà tí a fi lè sọ wọ́n di ọ̀kan láìra KVM. Ọ̀pọ̀ mọ́nítọ̀ tó ní HDMI máa ń gbọ́ àṣẹ láti inú kọ̀ǹpútà nípasẹ̀ DDC/CI, ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà fi ń bá mọ́nítọ̀ sọ̀rọ̀ nínú wáyà àwòrán. Ẹ rí i pé ó wà ní On nínú Menu mọ́nítọ̀. Kóòdù 60 (ní hex, ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà fi ń kọ nọ́ńbà) ló ń pààrọ̀ ibi tí àwòrán ti ń wọlé. Iye tó sábà máa ń jẹ́ ni 1 fún VGA, 15 fún DisplayPort àkọ́kọ́, 17 fún HDMI 1, 18 fún HDMI 2. Mo ní sábà, torí àwọn mọ́nítọ̀ kan ń lo iye tiwọn. ControlMyMonitor tó jẹ́ ọ̀fẹ́ lórí Windows máa fi iye tó wà lójú ẹsẹ̀ hàn yín: ẹ wo kóòdù 60 nígbà tí láptọ́ọ̀pù wà lójú, ẹ kọ iye náà sílẹ̀.

Ètò ọ̀fẹ́ kan tún wà, display-switch. Ó máa ń ṣọ́ ohun USB kan. Bí ohun náà bá dé, á ti mọ́nítọ̀ sọ́dọ̀ kọ̀ǹpútà yìí. Bó bá lọ, á tì í sọ́dọ̀ èkejì. Ẹ fi sórí láptọ́ọ̀pù nìkan, ẹ ṣí fáìlì display-switch.ini nínú fódà display-switch tó wà ní %APPDATA%, ẹ kọ ìlà mẹ́ta sínú rẹ̀:

usb_device = "nọ́ńbà kíbọ́ọ̀dù yín"
on_usb_connect = "Hdmi1"
on_usb_disconnect = "Vga1"

Nọ́ńbà kíbọ́ọ̀dù wà nínú Device Manager: ẹ ṣí Properties rẹ̀, ẹ lọ sí Details, ẹ yan Hardware Ids. Lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́rin tó tẹ̀lé VID_ àti mẹ́rin tó tẹ̀lé PID_ ni, ẹ fi àmì : sáàárín wọn. Láti ìgbà náà, ẹ tẹ bọ́tìnì USB switch nìkan, àwòrán á tẹ̀lé e.

Àbùkù rẹ̀: àwọn mọ́nítọ̀ kan kì í gbọ́ àṣẹ láti ẹnu ihò tí wọn kò wò lọ́wọ́. Kíkúrò lórí láptọ́ọ̀pù á ṣiṣẹ́, pípadà sí i lè má ṣiṣẹ́, ẹ ó sì tẹ bọ́tìnì mọ́nítọ̀ fún ìyẹn. Ẹ dán an wò pẹ̀lú ControlMyMonitor ná kẹ́ ẹ tó wàhálà lórí ìyókù.

Oníná Òde-Rẹ́mọ

Ẹ ń sọ̀rọ̀ wáyà àwòrán láti òwúrọ̀, ẹnì kankan ò tíì dárúkọ iná.

Wáyà HDMI, VGA àti USB, gbogbo wọn ló ní irin tó so ara kọ̀ǹpútà kan mọ́ ara èkejì. Bí dẹ́sítọ́ọ̀pù bá wà lórí iná NEPA, tí láptọ́ọ̀pù wà lórí jẹnẹrétọ̀ tàbí inverter, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan lẹ fi so ara orísun iná méjì pọ̀ yẹn. Ihò HDMI kò lágbára irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Òfin àkọ́kọ́: dẹ́sítọ́ọ̀pù, láptọ́ọ̀pù àti mọ́nítọ̀ gbọ́dọ̀ jọ wà lórí extension kan, láti sọ́kẹ́ẹ̀tì kan. Tí ṣọ́ọ̀bù bá ní féèsì ju ẹyọ kan lọ, ẹ má pín wọn sórí féèsì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Òfin kejì jẹ́ ti earth, wáyà tó ń da iná tó ṣìnà sínú ilẹ̀. Nínú páwà sọ́pláì kọ̀ǹpútà, kapásítọ̀ kéékèèké wà tó ń da ìdọ̀tí iná sínú wáyà earth. Níbi tí earth ò bá sí, iná yẹn á jókòó sára irin kọ̀ǹpútà: ìdajì 230V, bíi 115V tẹ́ ẹ bá fi mítà wọ̀n ọ́n. Òun ló ń ta yín lọ́wọ́ wìnnìwìnnì tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kan ẹ̀yìn dẹ́sítọ́ọ̀pù láìwọ bàtà. Agbára tó wà nínú rẹ̀ kéré, ó sì tó láti pa ihò HDMI kan tí ẹnu wáyà bá kọ́kọ́ kan ihò níbi tí kò yẹ kó kàn. Iná tó ń kọ yẹ̀rì bíi mọ̀nàmọ́ná tẹ́ ẹ máa ń rí lẹ́nu wáyà nìyẹn.

Nítorí náà, lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ń so ó: ẹ pa gbogbo rẹ̀, ẹ yọ plọ́ọ̀gì dẹ́sítọ́ọ̀pù àti mọ́nítọ̀, ẹ yọ ṣájà láptọ́ọ̀pù. Ẹ so wáyà àwòrán àti USB tán, ẹ yí ṣukúrúù ẹ̀gbẹ́ VGA le. Ìgbà náà ni kẹ́ ẹ tó fi iná sí i.

Kẹ́ ẹ lè mọ̀ bóyá earth wà, kí oníná fi mítà wọn live (wáyà tó ń gbé iná wá) sí neutral (èyí tó ń dá a padà), kó sì wọn live sí earth. Méjèèjì gbọ́dọ̀ súnmọ́ra, bíi 220V sí 240V. Tí live sí earth bá jẹ́ òdo tàbí tó ń rìn ségesège, earth ò sí. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni fi wáyà kékeré so neutral mọ́ earth nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì kó ní òun ti tún un ṣe. Bí neutral bá já láti òpó, gbogbo irin tó wà ní ṣọ́ọ̀bù yín á di iná. Ọ̀pá kọ́pà tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ lóde ni ọ̀nà rẹ̀.

UPS, àpótí bátìrì tó ń gbé iná bí NEPA bá lọ: dẹ́sítọ́ọ̀pù àtijọ́ lè gba bíi 100W, láptọ́ọ̀pù 65W nígbà tó bá ń gba ṣájì, mọ́nítọ̀ ínṣì 22 bíi 25W. 190W nìyẹn. Lára UPS 650VA, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ watt sí, ó sábà máa ń wà láàárín 360W sí 390W, ó gbé e. Laser printer kò gbọ́dọ̀ wọ orí UPS láéláé: ohun tó ń gbóná nínú rẹ̀ máa ń fa ọgọ́rọ̀ọ̀rún watt lẹ́ẹ̀kan náà, UPS á ké, á sì kú pẹ̀lú gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀. Ẹ fi printer àti ẹ̀rọ tó ń gé sítíkà sí extension mìíràn láti ara sọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà.

Ayàwòrán Ìjẹ̀bú-Igbó

Mo kín Oníná lẹ́yìn. Kí n fi ti àwọ̀ kún un. Láptọ́ọ̀pù tí ẹ fi ń ṣe káàdì ló yẹ kó gba HDMI, dẹ́sítọ́ọ̀pù kó gba VGA, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti sọ lókè. VGA kì í gbé àwọ̀ bó ṣe wà gan-an, wáyà gígùn ń sọ lẹ́tà kéékèèké di ṣìbáṣìbo. Ẹ má jẹ́ kó ju mítà mẹ́ta lọ, kẹ́ ẹ sì tẹ Auto Adjust lára mọ́nítọ̀ nígbà tí ojú ìwé funfun tó kún fún lẹ́tà bá wà lójú. Fún ẹ̀rọ tó ń gé sítíkà, ìyẹn ti tó.

Tẹ́ ẹ bá rí i pé dúdú ń jáde bí eérú lórí HDMI, kì í ṣe wáyà. Láptọ́ọ̀pù ti rò pé tẹlifíṣọ̀n ni, ó wá ń fi RGB Limited ránṣẹ́, ìyẹn 16 sí 235, dípò Full, 0 sí 255. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ nínú sẹ́tíǹgì káàdì àwòrán. Ẹni tó bá ń lo tẹlifíṣọ̀n fún mọ́nítọ̀ tí etí àwòrán ń sọ nù, kó wá Just Scan tàbí PC Mode nínú tẹlifíṣọ̀n náà.

Alákọ̀wé Ìlíṣàn

Ẹ jọ̀ọ́, tí ó bá jẹ́ láptọ́ọ̀pù méjì ńkọ́, tí ojú kọ̀ọ̀kan ṣì dára? Kíbọ́ọ̀dù àti máùsì kan ni mo fẹ́. Mọ́nítọ̀ ò kàn mí.

Linux Ìkẹ́nnẹ́

Tiyín rọrùn jù, àpótí kankan ò pọn dandan. Tí méjèèjì bá jẹ́ Windows 10 tàbí 11, ẹ gba PowerToys ti Microsoft, ọ̀fẹ́ ni, ẹ tan Mouse Without Borders nínú rẹ̀. Lórí láptọ́ọ̀pù kìíní, ẹ ní kó ṣẹ̀dá Security key. Lórí èkejì, ẹ kọ kíì náà àti orúkọ láptọ́ọ̀pù kìíní, ẹ tẹ Connect. Ẹ tò wọ́n bí wọ́n ṣe wà lórí tábìlì, máùsì á sì máa rékọjá láti etí ojú kan bọ́ sí èkejì. Ó gbà tó kọ̀ǹpútà mẹ́rin. Ohun tẹ́ ẹ bá kọ̀pí lára ọ̀kan á ṣeé fi lélẹ̀ lára èkejì.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà ni méjèèjì gbọ́dọ̀ wà, àmọ́ kò jẹ dátà yín. Ráútà tí kò ní dátà rárá á ṣe é, torí ọ̀rọ̀ náà kì í jáde kúrò nínú ilé. Hotspot fóònù náà sábà máa ń ṣe é. Tí wọn ò bá rí ara wọn, ẹ wo Windows bóyá ó ti kọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà sí Public. Ẹ sọ ọ́ di Private. Tí máùsì bá ń kú níbi tẹ́ ẹ ti ń kọ password tàbí níbi tí Windows ti ń béèrè Yes tàbí No, ẹ tan ibi tó ní kí Mouse Without Borders ṣiṣẹ́ bíi service.

Tí ọ̀kan bá jẹ́ Linux tàbí Mac, Input Leap tàbí Deskflow ni kẹ́ ẹ lò. Barrier tí ọ̀pọ̀ ìwé ìtọ́ni ṣì ń dárúkọ, wọn ò tún un ṣe mọ́. Kọ̀ǹpútà tí kíbọ́ọ̀dù wà lára rẹ̀ ni server, èkejì ni client; ẹ kọ IP server (nọ́ńbà rẹ̀ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì) sínú client, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí firewall (ẹ̀ṣọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì inú kọ̀ǹpútà) gba TCP 24800.

Fún onítẹ̀wé Ìjẹ̀bú-Òde, ọ̀nà yìí ò bá tiyín mu. PowerToys kì í ṣiṣẹ́ lórí Windows 7, ojú kan ṣoṣo lẹ sì ní. Ẹlòmíràn lè ní kẹ́ ẹ máa fi Remote Desktop wo dẹ́sítọ́ọ̀pù láti inú láptọ́ọ̀pù. Ó ṣeé ṣe tí Windows 7 yẹn bá jẹ́ Professional, torí Home kì í gbàlejò. Àmọ́ Microsoft ti ṣíwọ́ àtúnṣe Windows 7 láti ọjọ́ 14 oṣù January 2020, àbùkù ńlá tí wọ́n rí nínú Remote Desktop rẹ̀ lọ́dún 2019 sì wà lára ohun tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà àtijọ́ ò gba àtúnṣe sí. Ní tèmi, ẹ má jẹ́ kí dẹ́sítọ́ọ̀pù yẹn rí íntánẹ́ẹ̀tì rárá.

Onítẹ̀wé Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ọ̀gá. Ọ̀nà USB switch la máa kọ́kọ́ gbìyànjú. Tí kò bá sí íntánẹ́ẹ̀tì lórí dẹ́sítọ́ọ̀pù, báwo ni fáìlì sítíkà á ṣe máa ti inú láptọ́ọ̀pù dé ibẹ̀? Ìyẹn ló ń jẹ àkókò wa jù. Mo tún gbọ́ pé dẹ́sítọ́ọ̀pù àtijọ́ lè kọ̀ láti tàn tí kò bá rí kíbọ́ọ̀dù.

Atúnkọ̀ǹpútà Ṣàgámù

Ẹ ra USB switch oníhò mẹ́rin, ẹ ti fláàṣì kan bọ ihò kẹta, ẹ má yọ ọ́ níbẹ̀ mọ́. Ẹ fi fáìlì sí fláàṣì lórí láptọ́ọ̀pù, ẹ tẹ Eject ní igun ìsàlẹ̀ ọ̀tún, ẹ wá tẹ bọ́tìnì switch. Fláàṣì á yọ sórí dẹ́sítọ́ọ̀pù pẹ̀lú kíbọ́ọ̀dù. Ẹni tó bá tẹ bọ́tìnì láìtẹ Eject ti fà á yọ nìyẹn, fáìlì lè já sí òdo KB, fláàṣì sì lè máa béèrè pé kí wọ́n format òun. Ẹ lẹ ìwé kékeré mọ́ ara switch: EJECT KẸ́ Ẹ TÓ TẸ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi hard disk ńlá dípò fláàṣì, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀: ihò USB 2.0 ò gbé ju 500 mA lọ, kíbọ́ọ̀dù, máùsì àti fláàṣì ló jọ ń pín in.

Tí dẹ́sítọ́ọ̀pù bá dúró níbi Keyboard error, Press F1, ó jẹ́ pé ẹ tàn án nígbà tí switch wà lọ́dọ̀ láptọ́ọ̀pù. Ẹ wọ inú BIOS, ìyẹn ètò tó ń ṣiṣẹ́ kí Windows tó tàn, ẹ wá Halt On, ẹ yan All, But Keyboard. Tẹ́ ẹ bá yí i tí ó padà sí ti tẹ́lẹ̀ lọ́jọ́ kejì, tí aago kọ̀ǹpútà náà tún ń ṣìnà, bátìrì CR2032 inú rẹ̀ ti kú. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ọmọ Àgọ́-Ìwòyè

Ẹ fi èyí kún un: tí fèrèsé bá ń kó jọ lórí láptọ́ọ̀pù nígbà tẹ́ ẹ bá padà sí i, ẹ wọ Settings, System, Display, Multiple displays, ẹ fi àmì sí Remember window locations based on monitor connection. Mọ́nítọ̀ kan máa ń já HDMI sílẹ̀ pátápátá nígbà tó bá wà lórí VGA, wọn kì í ṣe é bákan náà. Tí ìyẹn ò bá tó, ẹ padà síbi KVM tó ní EDID emulation. Mi ò ní yọ̀ yín o.

Onítẹ̀wé Ìjẹ̀bú-Òde

Ìbéèrè kan péré ló kù. USB ni wáyà ẹ̀rọ tó ń gé sítíkà. Ṣé ká ti òun náà bọ ihò kẹrin, kó lè máa bá kíbọ́ọ̀dù lọ?

Oníná Òde-Rẹ́mọ

Rárá o!

Atúnkọ̀ǹpútà Ṣàgámù

Ó ti dáhùn tán. Ẹ̀rọ yẹn ń gba fáìlì díẹ̀díẹ̀ nígbà tó ń gé. Bí ẹnì kan bá tẹ bọ́tìnì láti lọ wo káàdì oníbàárà, iṣẹ́ á já sáàárín, abẹ á dúró lórí fínílì, ìyókù sítíkà náà ti di ìdọ̀tí. Ẹ ti wáyà rẹ̀ bọ ẹ̀yìn dẹ́sítọ́ọ̀pù tààrà, kó jẹ́ ihò kan náà ní gbogbo ìgbà, torí Windows 7 lè tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá dráífà tẹ́ ẹ bá gbé e lọ sí ihò mìíràn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti printer: ẹ so ó mọ́ láptọ́ọ̀pù. Tí iṣẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀ lórí dẹ́sítọ́ọ̀pù, ẹ lè tẹ switch lọ sórí láptọ́ọ̀pù láìséwu, ẹ̀rọ á máa gé lọ lẹ́yìn yín. Kí ẹ kàn lọ sínú Power Options dẹ́sítọ́ọ̀pù náà, ẹ fi Sleep sí Never, torí kò ní rí ọwọ́ kankan lórí kíbọ́ọ̀dù fún ìṣẹ́jú púpọ̀, ó lè sùn lọ kí sítíkà tó parí.